Ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ mi bó dànù, mo sì tún un kùn fúnra mi

Oṣù méjì péré ni ọ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ bá mi kùn sábẹ́ ọkọ̀ ojú omi mi lò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Kì í ṣe pé àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá o, ṣe ló ń bó ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Mo fi èékánná gbé etí kan sókè báyìí, abala tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi tẹ̀lé e, fáíbà funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń dán bí àwo tuntun. Ọ̀dà olówó iyebíye! Mi ò lè jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà.

Apáta níbí ní Ìbàdàn ni mò ń gbé, àmọ́ ọ̀sà lápá Ìkòròdú ni ọkọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ fáíbà ni, ẹsẹ̀ bàtà 18. Lásìkò òjò, iyọ̀ inú omi ọ̀sà kì í pọ̀, ewédò ló sábà máa ń mú ọkọ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá dé, tí omi òkun wọlé, àwọn ẹ̀dá oníkarahun kéékèèké á lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á le bí òkúta, wọ́n á mú bí abẹ. Ọkọ̀ á wá wúwo, epo á máa lọ wàrà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kun ọ̀dà tó ní bàbà nínú: díẹ̀díẹ̀ ni bàbà náà ń yọ́ sínú omi, kì í jẹ́ kí wọ́n rí ibi jókòó sí.

Kí wọ́n tó kun ọ̀dà àkọ́kọ́ yẹn, mo fi tírélà wọ́ ọ wá sí Ìbàdàn torí owó tí wọ́n ń gbà létí ọ̀sà ti pọ̀ jù, àgbàlá mi sì fẹ̀. Bí mo ṣe fọ̀ ọ́ kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ẹni tó bá ní kànìnkànìn àti omi lè ṣe é.

Mo pe pẹ́ńtà kan tó máa ń kun mọ́tò ní Gate. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo bi í bóyá ó ti kun ọkọ̀ omi rí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀dà ni gbogbo ọ̀dà." Ó yọ sáńdípépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha abẹ́ ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti bà jẹ́.

Tí wọ́n bá fẹ́ da ọkọ̀ fáíbà, wọ́n máa ń fi ìda ra inú ohun tí wọ́n ń dà á sí, kí ọkọ̀ lè yọ jáde wẹ́rẹ́. Ìda yẹn máa ń kù sára rẹ̀. Ẹ ò rí i, ọ̀dà ò kan ọkọ̀ mi rí, gbogbo ìda náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi sáńdípépà ha á kó tó nu ìda kúrò, ṣe ló ń ti ìda wọnú ojú ibi tó ha. Ẹni tó ta ọ̀dà fún mi ò sọ. Ara agolo ló wà, lẹ́tà tín-ín-tìn-ín. Nígbà tí mo pe pẹ́ńtà, ó ní ọ̀dà ló burú. Owó mi ò padà.

Bàbá kan létí ọ̀sà ló là mí lójú. Mo gbé abala tó bó hàn án, kò tilẹ̀ wò ó pẹ́. "Ọmọ mi, ṣé o da omi sí i kó o tó kùn ún?"

"Rárá, Bàbá."

"Lọ da omi sí i."

Ó gbà mí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí n tó ha ọ̀dà àkọ́kọ́ kúrò. Omi ni mo fi ń ha á, pẹ̀lú ìbòmú, torí májèlé ni eruku rẹ̀. Ẹ má ha á ní gbígbẹ láé. Mo wá da omi abọ́ kan sára ọkọ̀. Omi náà ṣù jọ róbótó róbótó, ó ń yí lọ bí omi lórí ewé kókò. Ìda nìyẹn.

Mo ra ásítóònù, ìyẹn omi kẹ́míkà tó ń tú ìda, ní Gate. Aṣọ méjì lèèyàn ń lò: ọ̀kan tí a fi ásítóònù rin láti tú ìda, ọ̀kan gbígbẹ láti nù ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ásítóònù tó fẹ́ lọ. Tí ẹ ò bá tètè nù ún, ìda á tún sùn síbẹ̀ padà. Tí ẹ ò bá sì ń pààrọ̀ aṣọ, ẹ kàn ń kó ìda láti ibí lọ sọ́hùn-ún ni. Ọjọ́ kìíní, mo nu gbogbo rẹ̀, mo da omi, ó ṣù jọ. Ọjọ́ kejì, apá iwájú gbà, ẹ̀yìn ò gbà. Inú ń bí mi, ọ̀fun mi ń ta mí nítorí òórùn rẹ̀. Àwọn aṣọ àlòkù ilé wa tán, mo ya bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì kan. Ní ọjọ́ kẹrin, mo da omi sí i, omi náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ó bo fáíbà bí aṣọ láìṣù níbì kankan. Mo kígbe, "Ìyá Tọ́lá, wá wo omi!" Ó wá wò ó, ó ní omi náà ni òun rí. Àmọ́ mo mọ ohun tí mo rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó fi sáńdípépà 80 ha á títí dídán rẹ̀ fi kú, mo sì kun epóksì. Mi ò dúró kí epóksì gan kí n tó kun ọ̀dà lé e: nígbà tí àtàǹpàkò ṣì ń fi àmì sí i ṣùgbọ́n tí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, ni mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ ro ọ̀dà náà pẹ́, ìsàlẹ̀ agolo ni bàbà máa ń sùn sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùn ún, mo fi ẹ̀kẹta kún un níwájú àti níbi tí ojú omi máa ń dé, torí ibẹ̀ ni omi ti ń gbá a jù. Mi ò jẹ́ kó kan ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, torí álúmíníọ̀mù ni, bàbà á jẹ ẹ́.

Oṣù mẹ́jọ ló lò nínú omi kí n tó tún fà á jáde. Ewédò fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lára rẹ̀, ọwọ́ lásán ni mo fi nù ún kúrò. Ojú ibì kan ṣoṣo ló bó, kò ju ojú ṣíbí lọ, níbi tí igi tírélà gbé ọkọ̀ lé. Lọ́jọ́ tí mo kùn ún, mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ kúrò lórí igi náà kí n lè kun ibẹ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ibẹ̀ nìkan ni mi ò da omi sí.