Bí a ṣe ń fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ pa ìtàn ìgbésí ayé àwọn àgbà mọ́

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni aṣọ tí a fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí kí a tó rì í sínú aró, kí aró má baà mu ibi tí ẹ̀kọ wà. Ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin aládìrẹ ti ń kọ ohun tí ojú wọn rí sára aṣọ: òpó Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, ni wọ́n yà sínú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Ẹbí yín pẹ̀lú lè ṣe aṣọ tí ìyá tàbí bàbá àgbà wọn yóò fi ọwọ́ ara wọn yà, tí ẹni tó bá dúró tì í yóò sì máa fi fóònù gbọ́ ohùn wọn.

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àgbà náà, kí wọ́n sì mọ àwọn tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ má fi ìbéèrè ọdún bẹ̀rẹ̀. Ohun èlò àtijọ́ ni kí ẹ gbé síwájú wọn. Nígbà tí mo bi ìyá àgbà wa ní ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ òwò, wọ́n ní àwọn kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí lé wọn lọ́wọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ibi tí etí rẹ̀ ti tẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn oníbàárà wọn ní Ọjà Ọba lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fóònù tó láti gba ohùn sílẹ̀. Ẹ pa fáànù, ẹ gbé fóònù lé aṣọ tí ẹ ká, kí àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ẹnu wọn má ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ ní sùúrù. Bí ó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì ni wọ́n ń sọ, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá aṣọ òwú funfun, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì ṣẹ́ ẹ sí ojú mẹ́sàn-án, mẹ́jọ fún ìtàn mẹ́jọ, ọ̀kan fún àwọn ọmọ-ọmọ. Ẹ fi láfún àti álọ́ọ̀mù se ẹ̀kọ tó ki, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí àgbà náà wá fi ìyẹ́ adìẹ ya ohun kan fún ìtàn kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹbí mìíràn a máa bẹ ayàwòrán níbí kí iṣẹ́ náà lè gún régé. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Bí ọwọ́ wọn bá ń gbọ̀n, kí ìlà náà gbọ̀n. Bí wọn kò bá lè di ìyẹ́ mú, kí wọ́n ki àtẹ́lẹwọ́ bọ ẹ̀kọ, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ.

Tí ẹ̀kọ bá ti gbẹ, ẹ gbé aṣọ tọ aláró lọ. Wọn yóò rì í sínú aró, wọn yóò yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, wọn yóò sì tún un ṣe títí yóò fi dúdú tó. Nígbà tí ẹ bá họ ẹ̀kọ kúrò, àwòrán yóò yọ.

Ẹ wá gbé ohùn kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣe kóòdù QR fún un, ìyẹn àmì tí kámẹ́rà fóònù ń kà láti ṣí ohùn náà. Ẹ tẹ kóòdù náà sórí aṣọ funfun kékeré kí ẹ tó rán an mọ́ ojú tirẹ̀, nítorí kámẹ́rà kì í rí i dáadáa lórí aró. Ẹ tọ́jú ohùn wọ̀nyí sí ibi méjì mìíràn pẹ̀lú, torí pé bí ìkànnì náà bá parẹ́, kóòdù kò ní ṣí mọ́.

Ojú kẹsàn-án ni ti àwọn ọmọ-ọmọ. Ẹ rán àpò kékeré sí i, kí ọmọ tó bá ti gbọ́ ìtàn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè fi ìbéèrè tirẹ̀ síbẹ̀. Ní ilé wa, ọjọ́ Àìkú ni a máa ń tú àpò náà níwájú ìyá àgbà. A ó gba ìdáhùn wọn sílẹ̀, a ó sì rán kóòdù tuntun mọ́ etí aṣọ.