Bí mo ṣe fi pẹ́ńsù ya bàbá onígbá

Oníbàárà mi kan níbí, l'Ọ́yọ̀ọ́, ló mú fọ́tò bàbá rẹ̀ wá pé kí n bá òun fi pẹ́ńsù yà á. Igbá ni bàbá ọ̀hún ń fín nítòsí Ọjà Akẹ̀sán kí wọ́n tó papò dà. Nínú fọ́tò náà, wọ́n tẹrí ba, igbá wà lórí itan wọn, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́.

"Bùrọ̀dá, orí wọn nìkan ni mo fẹ́ o. Ẹ yọ igbá yẹn kúrò, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò mí."

Mo ní ká rò ó dáadáa. Bí a bá yọ igbá, tí ojú ṣì wolẹ̀, àwọn èèyàn á rò pé wọ́n ń sùn ni, tàbí pé inú wọn bà jẹ́. Bí mo bá sì gbé ojú wọn sókè, iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ ni n ó máa hùmọ̀. Ó lè rẹwà o, àmọ́ bàbá ẹlòmíì ni. Ó ronú sí i, ó ní kí n fi igbá sílẹ̀.

Pẹ́ńsù HB, èyí tí kì í dúdú jù, ni mo fi tọ́ ọ fẹ́ẹ́rẹ́. Mo fi rúlà fa ìlà láti inú ojú kọ̀ọ̀kan lọ sí ẹnu ọ̀bẹ, kí méjèèjì lè pàdé níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò kò jìnnà, nítorí náà dúdú ojú méjèèjì fà sápá imú díẹ̀. Ẹ má fojú kéré díẹ̀ yẹn: láìsí i, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn igbá ni bàbá á máa wò.

Ìpéǹpéjú òkè ló gba àkókò mi jù. Bí èèyàn bá wolẹ̀, ṣe ló máa ń gùn, á bo púpọ̀ nínú dúdú ojú, etí rẹ̀ á sì tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹnu igbá gan-an. Mo fi pẹ́ńsù 2B, tó dúdú ju HB lọ, ya òjìji rẹ̀ sára ẹyinjú, mo fi 6B, tó tún dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ki abẹ́ rẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn jù. Funfun ojú kì í funfun tó bébà, mo kùn ún díẹ̀. Omi tín-ín-rín tó ń dán létí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ nìkan ni mo fi bébà sílẹ̀ fún. Igbá ní tiẹ̀ ò pẹ́ rárá.

Nígbà tí ìyá oníbàárà mi rí i, wọn ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ ojú. Igbá ni wọ́n ń wò. "Igbá ta nìyí? Ṣé wọ́n wá gbà á ṣá?"

Ọmọ ò mọ̀. Èmi gba owó mi tó kù.