Kí ẹ tó ra ẹja sínú táńkì kékeré tó ní ewéko

Ẹ̀yin ará, kò sẹ́ni tó bi mí o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra goldfish sínú táńkì kékeré tẹ́ ẹ gbin ewéko sí. Ẹja yẹn máa ń tóbi, ìgbẹ́ ẹ̀ pọ̀, á sì tún jẹ ewéko yín bí ewúrẹ́ tó rí oko ẹ̀fọ́.

Tó bá jẹ́ lítà 40 ni táńkì yín, ẹ mú irú kan péré tó máa ń rìn lẹ́gbẹ́, bí ember tetra, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, ẹ kó mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá torí tí wọ́n bá jẹ́ méjì mẹ́ta ẹ̀rù á máa bà wọ́n, abẹ́ ewé ni wọ́n á sá pamọ́ sí látàárọ̀ dalẹ́, kí lẹ wá fẹ́ máa wò? Betta náà, ẹja kékeré kan tó máa ń jà, dáa, àmọ́ akọ kan ṣoṣo, akọ méjì á ṣe ara wọn léṣe.

Èyí témi fẹ́ràn jù ni killifish tó ń jẹ́ Fundulopanchax gardneri, ọmọ ilé ni o, odò Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ló ti wá, àwọn òyìnbó ń sìn ín nílé wọn, ọ̀pọ̀ nínú wa ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà dé táńkì yín dáadáa, ó máa ń fò jáde.

Ẹ má sì ra ẹja lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ra táńkì. Ẹ tan filter, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ẹ máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí bakitéríà tó ń jẹ amóníà, májèlé tó ń wá látinú ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà, lè pọ̀, tí amóníà àti nitrite (májèlé tí bakitéríà ń sọ amóníà dà) bá ti di òdo lórí test kit tí wọ́n fi ń yẹ omi wò, ẹ wá lọ sọ́jà.