Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Yíyẹ Lẹ́ńsì Súùmù Wò Kí A Tó Rà Á

Láàárín oṣù kan ṣoṣo, ọ̀dọ́ ayàwòrán mẹ́ta ni ó gbé lẹ́ńsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá bá mi pé kí n bá wọn wò ó, lẹ́yìn tí owó ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Méjì nínú wọn ra ohun tí kò bá iṣẹ́ wọn mu. Lẹ́ńsì tòkunbọ̀ tí ẹnì kẹta rà ti ní àbùkù nínú láti ibi tí ó ti ń bọ̀. Ó dùn mí gidigidi, nítorí pé owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ Sátidé ni wọ́n kó jọ kí wọ́n tó rà á, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdajì wákàtí péré ni wọn ìbá fi dán an wò. Lẹ́ńsì tí mo ń sọ ni èyí tí gbogbo wa fi ń jẹun ní òde ìgbéyàwó, ìyẹn lẹ́ńsì súùmù 24-70mm, 28-70mm tàbí 28-75mm (nọ́ńbà kékeré ń rí ibi tí ó gbòòrò, nọ́ńbà ńlá ń fa ohun sún mọ́ wa), lórí kámẹ́rà mirrorless, ìyẹn kámẹ́rà òde òní tí kò ní jígí nínú. Mo gbà pé ẹni tí ó ń ka èyí ti mọ ohun tí f/2.8 jẹ́, ìyẹn bí ihò lẹ́ńsì ṣe gbòòrò tó (bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ihò ń gbòòrò tó), nítorí náà n kò ní padà sí ìpìlẹ̀.

Àṣìṣe kìíní ni pé síkíríìnì ẹ̀yìn kámẹ́rà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe ìdájọ́. Wọ́n á dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á dojú lẹ́ńsì kọ olùtajà, wọ́n á ya ojú rẹ̀ ní àárín àwòrán lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì sọ pé ó mú. Ó ṣòro láti rí lẹ́ńsì súùmù òde òní tí kò mú ní àárín. Àwọn kékeré tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ kámẹ́rà pàápàá a máa mú níbẹ̀. Ẹ mú mẹ́mórì káàdì tiyín àti kọ̀ǹpútà lọ, kí ẹ ṣí àwòrán náà gbòòrò, kí ẹ sì fi ojú tọ etí rẹ̀ yíká.

Àṣìṣe kejì ni ó ń ká mi lára jù, òun sì ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ èyí: a kì í wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán. Lẹ́ńsì súùmù kì í ṣe dígí kan ṣoṣo. Ègé dígí 20 ni ó wà nínú Sony FE 24-70mm f/2.8 GM II tí ó jáde ní ọdún 2022, 17 sì ni ó wà nínú Tamron 28-75mm f/2.8 G2. Àwọn kan nínú wọn a máa rìn síwájú sẹ́yìn bí a ti ń yí òrùka súùmù. Bí lẹ́ńsì bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹyọ kan nínú wọn sì yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ara lẹ́ńsì lè máa dán bí tuntun, àárín àwòrán lè máa mú, ṣùgbọ́n apá kan àwòrán yóò ti kú. Àwọn tuntun mìíràn náà a máa ti ilé iṣẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé páálí tí a kò tíì ṣí gba òun lọ́wọ́ ìdánwò.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ti jìyà rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra 24-70mm tòkunbọ̀ kan tí kò ní àpá kankan lára. Òde ìgbéyàwó kan ní Ìbàdàn ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Nígbà tí ó di àwòrán ẹbí, a to àwọn ènìyàn sí ìlà mẹ́rin, ìyá àgbà ìyàwó sì jókòó ní ìkángun ìlà iwájú lọ́wọ́ òsì. Mo ya á ní 24mm, f/4, mo wo síkíríìnì, mo rí ìyàwó àti ọkọ ní àárín, wọ́n mú, mo sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn túká. Lórí kọ̀ǹpútà ní òru ọjọ́ náà ni mo tó rí i. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ènìyàn lè ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn obìnrin tí ó jókòó ní ìkángun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́wọ́ òsì, ojú màmá náà rí bí ẹni pé a fi ọwọ́ tútù nù ún kọjá, etí gèlè rẹ̀ di méjì, ọwọ́ rẹ̀ tí ó fi lé ọ̀pá kò sì yàtọ̀ sí aṣọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹbí náà ti sanwó pé kí n tẹ àwòrán yẹn ní ìwọ̀n ínǹṣì 24 sí 36. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Mo dá owó títẹ̀ padà, mo bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè tún kó àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn jọ.

Bí mo ṣe ń ṣe é láti ìgbà náà nìyí. Mo máa ń wá ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn kò tíì rẹ́, nítorí pé ó rí ṣákaṣàka, ojú sì lè mú ìlà ibi tí búlọ́ọ̀kù ti so pọ̀. Mo máa ń gbé kámẹ́rà sórí tráípọ́ọ̀dù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ojú rẹ̀ kọ ògiri gan-an láìdà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n sì lo aago ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ọwọ́ mi má baà mì ín. Mo máa ń ya ní 24, 35, 50 àti 70, ní f/2.8 àti ní f/5.6. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá rọ̀ (ìyẹn ni pé wọn kò mú) bákan náà ní f/2.8, tí wọ́n sì mú bákan náà ní f/5.6, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kò sí àbùkù. Bí igun kan ṣoṣo bá yàtọ̀ sí àwọn mẹ́ta yòókù, ẹ dorí kámẹ́rà kodò, kí ẹ sì tún un yà. Bí ó bá jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù kan náà ni ó tún rọ̀, ẹ̀yin ni ẹ kò dojú kọ ògiri dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé igun kan náà nínú kámẹ́rà ni ó tún rọ̀, ẹ dá lẹ́ńsì náà padà fún ẹni tí ó ni ín.

Ẹ má ṣe ka títẹ̀ ìlà mọ́ irú àbùkù yìí. Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì ni ó máa ń tẹ ìlà ògiri ní 24mm, kámẹ́rà sì ni ó ń tọ́ ọ padà.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ 24 àti 28. Mìlímítà mẹ́rin péré ni ó wà láàárín wọn, olùtajà á sì sọ pé kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ibi ìdána nínú pálọ̀, ẹ̀yìn wa ti kan ògiri kí alága ìdúró tó bẹ̀rẹ̀ orin. Ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú àwọn àna, ẹ sì nílò ẹsẹ̀ ẹni tí ó wà lẹ́yìn àti ojú bàbá ìyàwó nínú àwòrán kan ṣoṣo. 24mm ń rí tó dígírì 84 láti igun dé igun, 28mm ń rí dígírì 75. Gírámù 540 ni Tamron G2 wọ̀n, 695 ni Sony GM II, owó wọn sì jìnnà síra. Bí ó bá jẹ́ pé gbàgede ni ẹ ti ń ya ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 28-75mm ti tó, n kò sì ní bá yín jà. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú pálọ̀ ni mo ń bá wí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà wọn (ohun tí ń gba àwòrán sílẹ̀) jẹ́ APS-C, irú èyí tí ó kéré: 24-70mm di bí 36-105mm lọ́wọ́ yín, nítorí náà 16-55mm tàbí 17-70mm ni kí ẹ wá.

Mo tún ń rí àwọn tí ó gbà pé ohun tí ń mú kámẹ́rà dúró láìmì lè dípò ihò lẹ́ńsì tí ó gbòòrò. Ó ń mú ọwọ́ yín dúró ni, kò lè mú oníjó dúró. Nígbà tí ìyá ìyàwó bá ń jó, tí owó náírà sì ń já bọ́ lórí rẹ̀, ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá (1/250) ni mo máa ń fi ya á. Lẹ́ńsì f/3.5-5.6 yóò ti wà ní f/5.6 ní 70mm, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ f/2.8 ni ó sì ń gbà wọlé; níbi tí ẹlẹ́gbẹ́ yín ti ń lo ISO 3200 (nọ́ńbà bí kámẹ́rà ṣe ń fi kún ìmọ́lẹ̀ tí ó gbà), ẹ̀yin á wà ní 12800. Ẹni tí ó ń fi fláàṣì ya àwòrán nínú sítúdíò ní f/8 kò nílò ìnáwó yẹn rárá. Nikon Z 24-70mm f/4 S tí ó wọ̀n gírámù 500 ti tó o.

Fókọ́ọ̀sì kò ṣeé dán wò lórí ife tí ó dúró sójú kan. Ẹ ní kí ẹnì kan máa rìn bọ̀ wá bá yín láti ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kí ẹ ya á léraléra ní 70mm àti f/2.8, kí ẹ sì ka iye tí ojú rẹ̀ ti mú. Ẹni tí ó ní kámẹ́rà Sony A9 tàbí A1 yẹ kí ó tún mọ̀ pé àwòrán 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni òpin lẹ́ńsì ilé iṣẹ́ mìíràn lórí rẹ̀.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tan inú lẹ́ńsì tòkunbọ̀. Bí ẹ bá rí ohun tí ó dà bí òwú aláǹtakùn, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ọ̀dọ́ kẹta tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ tún wá ní àná. A gbé lẹ́ńsì rẹ̀ kọ ògiri búlọ́ọ̀kù ẹ̀yìn ilé mi, a sì rí i pé igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni ó kú ní 24 àti 35, ṣùgbọ́n láti 50 lọ sókè, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú. Olùtajà ti kọ̀ láti gbà á padà. Mo bá a fi ọ̀dà funfun sàmì sí 50 lára òrùka súùmù, kí ó má ṣe yí i wá sí ìsàlẹ̀ 50 títí yóò fi rí owó òmíràn, mo sì yá a ní 24mm mi fún àwòrán ẹbí Sátidé tí ń bọ̀.