Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí a bá ń fi ọ̀rọ̀ júwe lọ́fínńdà fún oníbàárà

"Ó ń ta sánsán." Ẹni tó bá ti ra lọ́fínńdà lórí fóònù rí á ti ka gbólóhùn yìí títí ó fi sú u. A kò parọ́, ṣùgbọ́n a kò sọ nǹkan kan. Ọṣẹ ìwẹ̀ ń ta sánsán, ọbẹ̀ tó jinná ń ta sánsán, tùràrí tí wọ́n ń jó ní Sábó náà ń ta sánsán. Èwo ni tiyín jọ nínú wọn?

Àwọn kan tún ń kọ ọ́ pé lọ́fínńdà àwọn "ń rùn bí òdòdó". Háà! Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi rò ó kí wọ́n tó fi Yorùbá kọ ọ́. Òórùn lè dùn, ó sì lè burú. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti ń rùn, ẹ kó o dà nù.

Ẹ má da ohun tó wà lára páálí kọ. Bergamot, ta ló gbóòórùn rẹ̀ rí ní Bẹẹrẹ? Irú ọsàn kan ni, tí wọ́n ń gbìn ní gúúsù Ítálì. Ẹ ṣáà kọ ọ́ pé ó dà bí èèpo ọsàn tí ọlọ́sàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ bó, tí omi rẹ̀ ń ta síni lójú. Ó ti yé wọn.

Àfiwé náà ní ewu tirẹ̀ o. Mo kọ ọ́ sí oníbàárà mi kan ní Bódìjà pé ọ̀kan jọ ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ṣé abọ́ lẹ fẹ́ kí n fi fọ̀ ni?" Ẹjọ́ ọṣẹ olómi tá a fi ń fọ abọ́ ni, ó ti gba ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé níbo ni oníbàárà yìí ti máa ń pàdé òórùn tí mo fẹ́ dárúkọ.

Ẹ má sì júwe rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń fín in lọ́wọ́. Ọtí inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lu imú, òórùn ọsàn á tẹ̀ lé e, kò sì ní pẹ́ lọ. Òórùn igi àti ti oje ara igi ló ń bá èèyàn dalẹ́. Ẹ fín in sí ọrùn ọwọ́ láàárọ̀, ẹ wọ Micra lọ sí Dùgbẹ̀, kẹ́ ẹ tún gbé ọwọ́ símú nígbà tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Ti ìkejì yẹn lẹ máa kọ síwájú.

Èyí tó kù ni pé à ń fi ibi tí kò dára pamọ́. Oje ìdí ẹtà tí àwọn olúpo lọ́fínńdà ń rà láti Etiópíà nígbà kan, burúkú gbáà ni bó bá pọ̀. Ìwọ̀nba tín-ń-tín ló ń dùn. Oud, ìyẹn òróró olóòórùn tí wọ́n ń yọ lára igi kan, náà lè ní díẹ̀ nínú òórùn ilé ewúrẹ́. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ẹ á wá, ẹni tí kò sì fẹ́ ẹ kò ní pè yín lóru pé kẹ́ ẹ dá owó òun padà.