Bí A Ṣe Ń Gbin Igi Wílò Ẹlẹ́ka Lílọ́ Sínú Ọgbà

Igi wílò ẹlẹ́ka lílọ́, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Salix matsudana 'Tortuosa', jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀yà wílò tó ti apá àríwá Ṣáínà wá. Ẹ̀ka rẹ̀ máa ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ewé rẹ̀ pàápàá kì í nà tààrà, ṣùgbọ́n ìgbà òtútù, tí ewé bá ti wọ́ tán, ni ẹwà rẹ̀ máa ń hàn gedegbe.

Ibi tí ẹ ó gbìn ín sí ni kí ẹ kọ́kọ́ fara balẹ̀ yàn. Igi yìí máa ń yára dàgbà, ó lè ga tó mítà 9 sí 12, gbòǹgbò rẹ̀ sì máa ń wá omi kiri débi pé, bí páìpù omi ìdọ̀tí kan bá ti sán nítòsí, yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì dí i pa. Ní tèmi, mítà 10 sí ilé àti sí páìpù ló kéré jù, bí ilẹ̀ bá sì gbà á, ẹ jẹ́ kí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ líle a tún máa ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, nítorí náà, ẹ má ṣe gbìn ín sí ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí. Oòrùn àti ilẹ̀ tí kì í gbẹ ló fẹ́ràn. Òjìji kò bá a lára mu.

Gbígbìn rẹ̀ kò nira rárá. Ní ìparí ìgbà òtútù, kí igi tó rúwé, ẹ gé ẹ̀ka ọdún kan tó nípọn tó pẹ́ńsù, kí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ sì ri ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ mọ́ ilẹ̀ tútù, kí ojú ẹ̀ka náà, ìyẹn ibi tí ewé ti máa ń rú, kọjú sókè. Ẹ máa bomi rin ín dáadáa ní ọdún àkọ́kọ́.

Ẹ̀ka tuntun ló máa ń wuni jù lójú. Nítorí èyí, àwọn ológbà mìíràn máa ń gé gbogbo igi náà lulẹ̀ títí dé ìtòsí ilẹ̀ ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta síra, ní ìparí ìgbà òtútù, kí ó lè tún yọ ẹ̀ka mìíràn, èyí tí kì í sì jẹ́ kí ó ga jù. Ẹ má ṣe kó àwọn ẹ̀ka tí ẹ gé dà sórí ilẹ̀ tútù, nítorí wọ́n lè ta gbòǹgbò níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ inú ilé fún ìgbà pípẹ́, inú ìkòkò òdòdó tí kò ní omi ni kí ẹ kó wọn sí.