Bí a ṣe wá owó omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún abúlé mẹ́rin ní Ìbàràpá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ìpàdé àwọn ọmọ bíbí abúlé wa fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje kan. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán wa ni pé kí a wá owó tí a ó fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tí a ó sì fi kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Mo rò pé oṣù mẹ́fà ni yóò gbà; ó gbà wá ju ọdún méjì lọ. Mo ń kọ ohun tí a ṣe sílẹ̀ nítorí pé láti ìgbà tí omi ti ń yọ ni àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè láti abúlé mìíràn ti ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni a kọ̀wé sí, kí sì ni a kọ.

Ìbàràpá ni abúlé wa wà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá dàgbà díẹ̀ ní agbègbè yìí kò lè gbàgbé sòbìà. Inú omi adágún ni aràn náà ti ń wọ ara ènìyàn, nígbà tí ọdún bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yípo, yóò yọ lẹ́sẹ̀ onítọ̀hún pẹ̀lú egbò àti ìrora tí kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ dé oko. Ìyá mi ní àpá rẹ̀ méjì ní ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìà ń dà láàmú jákèjádò Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, iye wọn lé ní 650,000. Aṣọ asẹ́, oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún, ìkìlọ̀ lemọ́lemọ́ àti kànga tó mọ́ ni wọ́n fi lé e lọ, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ọdún 2013 pé ó ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Sòbìà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi adágún yẹn náà ni àwọn obìnrin wa ṣì ń pọn ní ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbẹ́ gbuuru kò sì fi àwọn ọmọdé sílẹ̀.

Kí a tó kọ ọ̀rọ̀ kan sórí ìwé ìbéèrè owó, a ka ènìyàn, a sì ka omi. Olùkọ́ méjì àti Ìyálọ́jà wa bá mi lọ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú ìwé ńlá kan. A bi ilé kọ̀ọ̀kan léèrè iye ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀, iye kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n ń lò lójúmọ́, àti bí ó ti ń pẹ́ tó kí ẹni tó lọ pọnmi tó padà délé. Àwọn ọkùnrin tí a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní omi kò jìnnà. Àwọn obìnrin ló sọ òtítọ́ fún wa: ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, wákàtí méjì ni ìrìn kan máa ń gbà, nítorí pé wọ́n ní láti dúró kí omi sun díẹ̀ kí wọ́n tó lè bù ú. Bí kì í bá ṣe ti Ìyálọ́jà tó wà pẹ̀lú wa, mi ò rò pé wọn ì bá sọ èyí fún wa.

A tún ṣe àyẹ̀wò àwọn kànga ẹ̀rọ àtijọ́. Mẹ́ta ni onírúurú olóore ti gbẹ́ fún wa láti ọdún pípẹ́ wá, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí a ń fà sókè sódò, ẹyọ kan péré ló sì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a mú oníṣẹ́ ẹ̀rọ wá láti tú àwọn méjì tó kù, rọ́bà inú wọn àti irin kan ló bàjẹ́. Owó àtúnṣe náà kò pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a yàn láti gbà á, láti tọ́jú rẹ̀, tàbí láti ná an. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an. Nígbà tí mo ka ìlànà omi tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2000, mo rí i pé ó ṣètò lítà 30 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ní ìgbèríko, láàárín mítà 250 sí ibùgbé rẹ̀. Nínú owó ìkọ́lé, ìdá 5 nínú 100 péré ni ìlànà náà bù fún ará abúlé. Nínú owó ìtọ́jú ẹ̀yìn ìgbà náà, ìdá 70 ni ó gbé ka orí wọn. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún wa lọ́jọ́ tí wọ́n wá ya fọ́tò ìṣíde àwọn kànga wọ̀nyẹn.

Ibi tí owó lè ti wá ni ó wá kàn. Mo gbọ́ nípa SURWASH, ètò omi àti ìmọ́tótó fún ìlú àti ìgbèríko Nàìjíríà, tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2021 pẹ̀lú 700 mílíọ̀nù dọ́là, ṣùgbọ́n nínú ìpínlẹ̀ méje tí wọ́n kọ́kọ́ mú, Èkìtì nìkan ni ti ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà kò kàn wá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkìtì, ẹ lọ bèèrè. Síbẹ̀ mo rí nǹkan mú nínú rẹ̀: bí àbájáde iṣẹ́ bá ṣe ń hàn ni wọ́n fi ń sanwó, lẹ́yìn tí ẹlòmíràn bá ti lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé ohunkóhun tí a bá ṣèlérí nínú ìwé tiwa gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí àlejò lè dé, kí ó sì kà.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà ló là wá lọ́nà. Ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Rotary níbẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ aláàánú tó wà káàkiri àgbáyé, ó sì ṣàlàyé pé Rotary Foundation, apá ẹgbẹ́ náà tó ń pín owó, ní owó ìrànwọ́ kan fún irú iṣẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n abúlé kò lè fúnra rẹ̀ kọ̀wé béèrè rẹ̀. Ẹgbẹ́ Rotary kan ní orílẹ̀-èdè tí iṣẹ́ wà àti òmíràn ní òkè òkun ni wọ́n gbọ́dọ̀ jọ dúró fún un, a gbọ́dọ̀ ti ṣe ìwádìí ohun tí ará ìlú nílò ṣáájú, àpapọ̀ owó iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ dín ní 30,000 dọ́là. Ìwé ńlá tí a fi ka omi yanjú ti ìwádìí. Ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn gbà láti dúró fún wa. Iye owó ni kò jọra, nítorí kànga kan àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan kò lè dé 30,000 dọ́là láìparọ́, a kò sì fẹ́ parọ́.

Bí a ṣe lọ bá abúlé mẹ́ta mìíràn nìyẹn. Kò rọrùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ wà láàárín àwa àti ọ̀kan nínú wọn láti ayé àwọn bàbá wa. Ìpàdé mẹ́rin ni a ṣe. Ní ìkẹta, Baálẹ̀ wọn dìde, ó ní kí a gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sí ibi tí ó wà, nítorí adágún kan náà ni gbogbo wa ń pín mu. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ tí a ó gbẹ́ kànga sí, pé ilẹ̀ náà sì di ti gbogbo ará abúlé láéláé.

Ìwé wa àkọ́kọ́ padà wá pẹ̀lú ìbéèrè kan: bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ní ọdún karùn-ún, owó ta ni ẹ ó fi tún un ṣe? Gbólóhùn kan ni a ti kọ sí ibẹ̀, pé àwọn ará abúlé yóò tún un ṣe. Oṣù mẹ́ta ni a fi wá ìdáhùn gidi. A bi àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ léèrè iye ọdún tí ẹ̀rọ afami abẹ́ ilẹ̀ àti bátìrì sólà ń lò, a ṣírò owó wọn, owó ẹ̀rọ ìṣí omi àti ti olùṣọ́, a sì pín in sí iye kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń pọn. Náírà mẹ́wàá lórí kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ló jáde. Bàbá àgbà kan bínú, ó ní omi Ọlọ́run kò ṣeé tà. Ìyálọ́jà dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Bàbá, omi kọ́ ni a ń tà, ẹ̀rọ tó ń gbé e wá ni a ń bọ́.” Wọ́n fẹnu kò pé àwọn opó tó ti dàgbà àti àwọn aláìsàn kò ní san nǹkan kan. Obìnrin ni akápò ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ìbuwọ́lùwé ẹni mẹ́ta ni báńkì yóò rí kí owó tó jáde, a sì ń ka ìṣirò rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ní mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì lóṣooṣù. Gbogbo èyí gba ojú ìwé mẹ́rin nínú ìbéèrè wa kejì, ìyẹn ni wọ́n sì fọwọ́ sí.

Kí ìfọwọ́sí tó dé ni náírà ti já wálẹ̀. Iye tí àwọn agbẹ́kànga kọ fún wa ní oṣù Kẹrin ọdún 2023 kò wúlò mọ́ ní oṣù Kẹjọ, nítorí pé páìpù, sólà àti dísù gbówó lórí lẹ́yìn tí ìjọba yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù Kẹfà. Kí ẹni tó ń ṣe irú ìwé yìí fi owó díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìṣirò rẹ̀ fún ohun tó bá gbówó lórí lójijì. Òun ló gbà wá.

Ti ìgbẹ́ kànga, orí àpáta líle ni Ìbàràpá wà, omi kì í sì í sí níbi gbogbo lábẹ́ rẹ̀, àfi ibi tí àpáta ti rà tàbí tí ó ti sán. A san owó àyẹ̀wò ilẹ̀, tí wọ́n ń ti iná mànàmáná díẹ̀ wọ ilẹ̀ láti fi mọ ibi tí omi lè wà, a sì gbẹ́ ẹ ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ lọ sílẹ̀ jù lọ, kí òjò má baà tàn wá jẹ. Síbẹ̀ ihò kan kò lómi. A ti kọ owó ihò kan tó lè kùnà sínú ìṣirò wa, a sì gbẹ́ òmíràn. Ilé àyẹ̀wò yẹ omi kọ̀ọ̀kan wò kí ẹnikẹ́ni tó mu ún.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò pẹ́ púpọ̀ láti kọ́. Ṣáláńgá tó bò dáadáa ni, ti àwọn ọmọbìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, ó ní ilẹ̀kùn tó ń tì láti inú, ó sì jìnnà sí kànga ju mítà 30 lọ, ní apá ìsàlẹ̀. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ló ń ra ọṣẹ. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ fún mi pé àwọn ọmọbìnrin ńlá kì í sábà sá lọ sílé ní ọ̀sán mọ́.

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ẹ̀rọ afami ní abúlé kejì dákẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Akápò wọn àti àwọn méjì tó kù buwọ́ lu ìwé báńkì lọ́jọ́ náà, oníṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, omi sì ń yọ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Wọ́n ka iye tí wọ́n ná ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sì ka iye tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ pẹ̀lú.